Ọwọ́ Tó Ń Gé Òwú

Kí n má parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ tí dókítà bá Télọ̀ sọ láàárọ̀ kò yé e. Ó ní àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ọpọlọ wa tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́, tó tún jẹ́ agbálẹ̀. Wọ́n á lé àrùn, wọ́n á kó ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n tọ́jọ́ bá lọ lórí èèyàn, àwọn náà á darúgbó, inú á máa bí wọn ṣáá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ibi tí ọpọlọ ti so kọ́ra. Ó jọ pé ohun tó ń ṣe Màmá tó bí Télọ̀ nìyẹn. Oògùn kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò, tó ń mú kí ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí rọra. Ṣé kí wọ́n fún Màmá? Òní ni kó dáhùn.

"Àwọn tó ń ṣọ́lé ló tún ń wó o?" Télọ̀ bi í.

"Iṣẹ́ wọn náà ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe."

Háà! Ẹni tá a ní kó fẹ́ni lójú ló fi ata sẹ́nu yìí!

Bí Télọ̀ ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, Màmá wà nídìí fèrèsé pẹ̀lú àlùmọ́gàjí kékeré. Òun ló kọ́ Télọ̀ níṣẹ́. Ní báyìí, òwú tó bá yọ síta lára aṣọ tí wọ́n ti rán tán nìkan ló ń gé. Ó ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ ó ṣì mọ Télọ̀ ọmọbìnrin rẹ̀, ìyẹn ló ń fi Télọ̀ lọ́kàn balẹ̀.

Télọ̀ gbé aṣọ ìyàwó tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà sókè. Apá rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Màmá ti gé òwú tó yọ, ó sì ti gé èyí tó so apá mọ́ aṣọ.

"Màmá, kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo ń tún un ṣe ni."

Inú bí Télọ̀, ó já àlùmọ́gàjí gbà. Màmá ò jà. Ìka rẹ̀ ṣáà ń ṣí, ó ń padé, omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Ta ló fẹ́ wo irú ẹ̀?

Télọ̀ pe dókítà. "Sà, tí oògùn yín bá mú ẹ̀ṣọ́ rọra, ta ló máa wá gbálẹ̀?"

Dókítà fèsì pé, "Ìyẹn gan-an la ò tíì mọ̀ dájú."

"Ẹ dúró ná, sà."

Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó dá àlùmọ́gàjí padà, ó sì na apá aṣọ tó wọ̀ fún Màmá, kó rí òwú gé. Màmá fi ìka tọ ibi tí wọ́n ti rán apá aṣọ náà. Ojú ẹ̀ tàn.

"Ọwọ́ mi rèé! Ọmọbìnrin mi ni mo rán èyí fún." Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Oníbàárà mi, báwo ló ṣe dọ́wọ́ yín?"

Ẹ̀rù ba Télọ̀. "Ó... ó ní kí n wọ̀ ọ́ wá kí yín ni, mà."

"Ẹ bá mi kí i o."

Télọ̀ gbé fóònù. "Sà, kò tíì yé mi o. Ẹ fún un."