Àkọ̀ Tí Ìyá Dídán Fọ̀

Ògiri yàrá bàbá kò ní àyè tí eṣinṣin lè bà sí. Kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn wà níbẹ̀, àwòrán àbàtà tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀ nínú férémù, kódà páálí bátìrì rédíò wà níbẹ̀ nítorí pé ẹyẹ kan wà lára rẹ̀. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni fọ́tò ẹyọ kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin yà. Bẹ́ẹ̀, fọ́tò yíyà ni iṣẹ́ ọmọ náà láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Ìyá Dídán ni àwọn oníbàárà ń pè é. Ẹni tó bá gbé rorẹ́ àti eyín tó pọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fọ́tò tí ń dán bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ni yóò gbé jáde. Òfin kan ṣoṣo ló ní nídìí kọ̀ǹpútà: ohunkóhun tí Ọlọ́run kò bá dá mọ́ ara, kó kúrò. Báńdéèjì, òwú tó já lára aṣọ, ọbẹ̀ tó ta sí kọ́là, gbogbo rẹ̀ ló ń fọ̀ dànù. Àwọn oníbàárà a máa dúpẹ́. Bàbá rẹ̀ nìkan ló máa ń yínmú.

"Mo mọ ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ lánàá," bàbá á ní. "Ẹni tó jáde ni n kò mọ̀."

Bàbá Àbàtà ni wọ́n ń pe òun náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣọ́ ilẹ̀ olómi tí àwọn ẹyẹ ń gbé lẹ́yìn ìlú, tó ń kà wọ́n láàárọ̀, tó tún ń kà wọ́n nírọ̀lẹ́, kí àìsàn orúnkún tó fi tipátipá mú un jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí pé, "Àkọ̀ tí mo fi òrùka ìdánimọ̀ sí lẹ́sẹ̀ gbẹ̀yìn, ní ọjọ́ tí mo fẹ̀yìntì gan-an," fóònù Ìyá Dídán á dún, oníbàárà kan á máa béèrè fọ́tò ìgbéyàwó, ọmọ á sì sáré jáde. Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan, bí bàbá àti ọmọ ṣe wà nìyẹn. Ó sì dun ọmọ náà, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti gbé fọ́tò wá fún bàbá rẹ̀ rí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà.

Nígbà tí ọjọ́ tí bàbá yóò pé ọmọ ọgọ́rin ọdún ku ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá Dídán pinnu. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó sọ fún ara rẹ̀. "Tí kò bá fẹ́ ojú èèyàn, màá ya ẹyẹ fún un. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa sọ pé òun ò ní gbé ìyẹn kọ́."

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tó dé ẹnu géètì àbàtà. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ yá a ní bàtà ròbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ìbá wọ̀ nínú ẹyọ kan, ó sì mú un lọ sí ahéré onípákó kékeré kan létí omi, tó ní ihò tóóró tí wọ́n ń yọ kámẹ́rà sí.

"Ẹ má pariwo o, mà," olùṣọ́ náà kìlọ̀. "Ẹ má sì ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Ìyá Dídán ò mọ iṣẹ́ tí kò ní àṣẹ nínú. Ní ṣọ́ọ̀bù, bó bá ní "gbé àgbọ̀n sókè, ó tó, má mí," kódà ọ̀gá ọlọ́pàá kì í mí. Àwọn ẹyẹ àbàtà kò gbọ́ irú ẹ̀ nílé bàbá wọn. Lékeléke fò lọ kí ó tó ṣí ojú kámẹ́rà. Pẹ́pẹ́yẹ igbó ń ri orí bọ omi, ìdí nìkan ni wọ́n ń fi hàn án. Fún odindi wákàtí kan, ogójì fọ́tò ìdí pẹ́pẹ́yẹ ló rí yà, ẹ̀fọn sì ń fi ọrùn rẹ̀ ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ìgbà tó gbọ́ ara rẹ̀ tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú síbí," ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ti dùn mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni àkọ̀ kan rìn jáde láàárín koríko, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń gbé ẹsẹ̀ gígùn níkọ̀ọ̀kan bí àgbà tí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí aṣọ òun. Ó dúró. Atẹ́gùn náà dúró. Omi dákẹ́ rọ́rọ́, àkọ̀ kejì sì hàn nínú omi, tó dorí kodò lábẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ayafọ́tò ni kò mí.

Nígbà tó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn pa bí ẹni tó fẹ́ dá ẹran jẹ. Nínú fọ́tò tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, ó ṣa ẹyọ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ó nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu àkọ̀. Ó to ìyẹ́ tó yà kúrò láàárín ẹgbẹ́. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi lójú kọ̀ǹpútà, ó rí nǹkan kékeré méjì níbẹ̀, ọ̀kan pupa, ọ̀kan yẹ́lò. Ó pòṣé.

"Ọ̀rá! Àwọn èèyàn ò ní yé da ìdọ̀tí sómi."

Ó fọ ẹsẹ̀ náà títí ó fi mọ́ tónítóní. Ìbá fọ omi náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n oníférémù ń tilẹ̀kùn ní aago márùn-ún, nítorí náà ó fi omi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní ọjọ́ ìbí, ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá, ó sì gbé férémù lé e lẹ́sẹ̀. Bàbá mú awò amúǹkantóbi tó fi ń ka ìwé, ó wo ẹnu àkọ̀, ó wo ìyẹ́ rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀.

"O ti fọ òun náà," ó ní. "Ẹja ni àkọ̀ ń jẹ, ọmọ mi. Báwo ni ẹnu rẹ̀ ṣe mọ́ báyìí?"

 Ìyá Dídán ti ń rí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bàbá kò gbé férémù sílẹ̀. Awò rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ dé inú omi, ó sì dúró síbẹ̀.  Ó yí férémù náà dorí kodò, ó tún wò ó.

"Pupa lókè, yẹ́lò nísàlẹ̀," ó sọ jẹ́jẹ́. "Òrùka mi nìyí. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni mo fi àwọ̀ méjì yìí sí. Èyí tó wà nínú omi ní òrùka. Kí ló dé tí ẹyẹ gan-an kò ní?"

"Bàbá, mo... mo fọ̀ ọ́ ni. Mo rò pé ọ̀rá ni."

"Ọ̀rá!"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí ọmọ kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí orúnkún ti mú un jókòó. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi bi gbogbo ẹni tó ń wọ àbàtà, 'Ṣé ẹ rí i?' Kò sẹ́ni tó rí i. Mo ti gbà pé ó ti kú. Ọmọ tèmi rí i, ó sì fọ ẹ̀rí dànù!"

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó ní, ẹkún àti ẹ̀rín pọ̀ lójú òun náà. "Èyí tí n kò fọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ tẹ̀ ẹ́ wá, kí n gbé èyí padà."

Bàbá gbá férémù mọ́ àyà. "Mú ìyẹn wá lọ́la, ká fi ránṣẹ́ sí àwọn ará àbàtà. Èyí ò lọ ibì kankan. Bá mi yọ ìwé ìfẹ̀yìntì yẹn kúrò lórí ìṣó."

Ó dìde fúnra rẹ̀, tòun ti orúnkún, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fọ́tò náà kọ́.

"Bàbá, ẹ ti dorí ẹ̀ kodò o."

"Mo mọ̀. Ẹyẹ tèmi ló yẹ kó wà lókè. Tìẹ ló wà nísàlẹ̀ yẹn, ó ti dán jù." Ó wò ó díẹ̀, ó gbá èjìká ọmọ rẹ̀ mú. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ó yí i padà, kí tìẹ náà lè rí òkè. Fọ́tò yìí dára, ọmọ mi. Ó dára gan-an."

Fóònù Ìyá Dídán dún. Oníbàárà ni. Ó pa á, ó fa àpótí ìjókòó sún mọ́ ẹsẹ̀ bàbá.

"Ọjọ́ tí ẹ fi òrùka yẹn sí i, Bàbá," ó ní, "báwo lẹ ṣe rí i mú?"

Bàbá jókòó dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí ọjọ́ náà.