Òdòdó Yánrin Kì í Dúró De Ọ̀sán

Ní ọdún tí ilé ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Asimawu ọmọ Òde-Omi, ìlú àwọn apẹja, ṣe ìyàwó wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹja ló mọ̀. Fi ìrù lásán hàn án, yóò pe orúkọ ẹja náà fún ọ. Ewé oko ńkọ́? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀! Ewé ni gbogbo ewé lójú rẹ̀.

Ibà wá dá ìyá ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, ìyá kò fẹnu kan oúnjẹ. Ó ní kò sí ohun tí ọkàn òun fà sí àfi ẹ̀fọ́ yánrin. Àyà Asimawu ń já, nítorí ara ìyá ti ń joro lójú rẹ̀.

Ó bi àbúrò ọkọ rẹ̀ léèrè bí yánrin ṣe rí. Nimotalahi ni, ẹni tí ó ń pè ní Eyínmẹ́nugún, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ.

"Òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú ni," ni ìyẹn wí.

Lẹ́yìn ìrun àílà ọ̀sán, Asimawu gbé agbọ̀n, ó ń kọrin lọ sóko:

Yánrin o, yánrin dà?
Ìyá ọkọ mi ò jẹun,
Yánrin o, jáde wá!

Igi kékeré kan ṣoṣo ló rí tí òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ó já ewé rẹ̀ kún agbọ̀n, ó sáré délé.

Ìyá yọjú wo inú agbọ̀n, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, asunwọ̀n rèé! Ṣé inú ṣáláńgá lo fẹ́ kí n máa gbé ni?"

"Ẹ má bínú, ìyá mi. Òdòdó rúsúrúsú ni wọ́n sọ fún mi."

"Ọ̀sán lo lọ! Yánrin ti panu mọ́ nígbà yẹn. Àárọ̀ ni òdòdó rẹ̀ ń là. Ewé rẹ̀ a tẹ́ sílẹ̀, etí rẹ̀ a rí bí eyín ayùn. Ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Bí oje funfun kò bá jáde, fi í sílẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, Asimawu kò jẹ́ kí ìrì gbẹ kó tó dé ẹ̀bá oko obì. Òdòdó rúsúrúsú kún ibẹ̀! Ó ṣẹ́ ọ̀kan, kò sí oje. Ó ṣẹ́ òmíràn, omi lásán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ̀kẹta, oje funfun kán sí i lọ́wọ́. Ó yẹ ewé rẹ̀ wò: ó tẹ́ sílẹ̀, ó léyín.

"Alihamudulilai!"

Ó já irú rẹ̀ kún agbọ̀n lọ sílé, ó bọ̀ ọ́, ó fún omi kíkorò rẹ̀ dànù, ó fi ẹgúsí sè é. Ìyá tọ́ ọ wò, ó jẹ ẹ́ tán.

"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù," ni ìyá wí, ó sì na abọ́ sí i. "Bù sí i."