Síǹkì Tó Kọjú sí Pálọ̀

"Dúró, ta ló ní kí o wó o?"

Dúró bíríkìlà yíjú padà. Ó sọ òòlù kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. Pèpéle tí òun fúnra rẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì dán ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti là sí méjì. Síǹkì tuntun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì. Níbi tí kíṣìnì ti ṣí sí pálọ̀, búlọ́ọ̀kù ti ga dé ìbàdí èèyàn.

"Ẹ má bínú, Ìyá Màríámọ̀," ló wí. "Bàbá Mansur ló wá láàárọ̀. Wọ́n ní kí n mọ ògiri dí ibẹ̀, kí n gbé síǹkì lọ sí ìdí fèrèsé ẹ̀yìn."

Mùíbátù gbé oúnjẹ tó gbé wá fún àwọn òṣìṣẹ́ kalẹ̀. Síkírù, Bàbá Mansur, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni. Kò ní í gbé ilé yìí. Kò ní í dáná níbẹ̀, kò sì ní í fọ abọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀ títí ayé. Síbẹ̀ òun ló mọ ibi tó yẹ kí síǹkì wà.

Kí sì ni obìnrin yìí béèrè? Ní ilé ẹbí tí wọ́n ń gbé láàárín Ìlobù, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná. Láti ìgbà tó ti ṣe ìyàwó délé náà ló ti ń jókòó sórí àpótí létí kànga, tó ń fọ abọ́ tí àwọn ọkùnrin fi jẹun, tó sì ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti inú pálọ̀. Bó bá wọlé wá kó abọ́ tó kù, ọ̀rọ̀ á dá. Ẹnì kan á ní òjò ọdún yìí mà pẹ́ o. Bó bá jáde tán, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Kàmọ́rù ọkọ rẹ̀ wá fẹ́ kọ́ ilé tiwọn sí ọ̀nà Ẹ̀rìn, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ fún. Iṣẹ́ télọ̀ ni Mùíbátù ń ṣe, ó sì ti rí i nílé oníbàárà rẹ̀ kan ní Òṣogbo: pèpéle tó yọ jáde láti ara ògiri, síǹkì wà lórí rẹ̀, ẹni tó ń fọ abọ́ sì kọjú sí àwọn tó jókòó. Kàmọ́rù rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Dúró gbẹ́ ilẹ̀, ó ri páìpù omi ìdọ̀tí mọ́lẹ̀ gba abẹ́ ilé jáde. Ó kù díẹ̀ kó parí.

Mùíbátù kò dúró gba abọ́ oúnjẹ padà. Ojúde ilé ẹbí ló gbà lọ, níbi tí Síkírù jókòó sí tó ń fa tẹ̀sùbáà. Ó kúnlẹ̀, ó kí i kú ọ̀sán, ó kí i kú wàhálà ilé kíkọ́, ó béèrè àwọn ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Síkírù dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ wá kan síǹkì. Síkírù ní kì í ṣe ojú àlejò ló yẹ kí èèyàn ti máa fọ ìkòkò ọbẹ̀, pé òórùn ẹja kò gbọdọ̀ pàdé lèmọ́ọ̀mù lẹ́nu ọ̀nà. Mùíbátù ní òun á ta kọ́tìnì sí i.

"Kọ́tìnì kì í dí etí," ni Síkírù wí.

Òun pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

"Etí ta ni, ọkọ mi?"

"Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n pálọ̀ yẹn la ó ti máa sọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba wa, ìwọ náà sì mọ ìlú tí wọ́n ti gbé ọ wá."

Ìfọ́n ni wọ́n ti gbé e wá. Ìfọ́n ò jìnnà sí Ìlobù, ṣùgbọ́n ìjà ààlà ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì kí wọ́n tó bí ìyá tó bí i. Ọmọ Ìlobù ni gbogbo ọmọ tó bí. Nígbà tí ìyá Síkírù dùbúlẹ̀ àìsàn tó gbé e lọ, Mùíbátù ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè ìlú tí ọwọ́ náà ti wá. Ọwọ́ Ìfọ́n ń sè, wọ́n ń jẹ. Ọwọ́ Ìfọ́n ń fọ̀, wọ́n tún ń bu oúnjẹ sí i. Etí Ìfọ́n nìkan ni wọn ò fẹ́. Irú ìwọ̀sí wo nìyẹn?

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ló wí, ó sì dìde.

Nígbà tí Kàmọ́rù ti ibi iṣẹ́ dé láti Òṣogbo nírọ̀lẹ́, Mùíbátù rí i lójú rẹ̀ pé ó ti gbọ́. Ó ń tú okùn bàtà, kò gbójú sókè. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, Síkírù ló fún àwọn nílẹ̀ tí àwọn kọ́lé sí, àwọn ò lè tìtorí síǹkì lásán bá a jà.

"Bó bá jẹ́ síǹkì lásán ni, Bàbá Màríámọ̀, wọn ò ní wó o," ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Wọ́n kó wọlé lẹ́yìn Iléyá. Ògiri ti dé òkè, síǹkì ti wà nídìí fèrèsé ẹ̀yìn, ó kọjú sí ṣáláńgá. Ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, àwọn ọkùnrin ẹbí pé jọ sí pálọ̀ tuntun. Mùíbátù gbé iyán fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n yìn ín, ó sì kó abọ́ lọ sí kíṣìnì. Nígbà tí Síkírù gbọ́ ìró omi lódìkejì ògiri, ó sún síwájú lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa pèrègún tí wọ́n fà tu ní ààlà oko baba wọn.

Ibẹ̀ ló dé tí Mùíbátù fi wọlé padà. Ó gbé bàsíà omi ọṣẹ lọ́wọ́, abọ́ kún inú rẹ̀, àpótí wà ní abíyá rẹ̀. Ó gbé bàsíà kalẹ̀ sáàárín pálọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọkọ mi." Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí àpótí, ó mú kànìnkànìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́.

"Kí lò ń ṣe yẹn?" ni Síkírù bi í.

"Abọ́ ni mò ń fọ̀. Ẹ máa bọ́rọ̀ yín lọ."

"Síǹkì wà nínú kíṣìnì."

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọkọ mi. Ẹ̀yin lẹ yan ibẹ̀. Ibí lèmi yàn."

Síkírù gbójú sókè wo àjà. "Òjò ọdún yìí mà pẹ́ o," ló wí. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ ni, ó pẹ́. Mùíbátù náà ní ó pẹ́ lóòótọ́, ó sì mú abọ́ mìíràn.

Kàmọ́rù ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ń wo omi ọṣẹ tó ń ṣàn lọ sábẹ́ àga lórí ilẹ̀ tuntun. Ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ òjò kọ́ la torí ẹ̀ pe ara wa," ló wí. "Pèrègún lẹ ń sọ. Ẹ máa sọ ọ́ lọ. Ìyá àwọn ọmọ mi ló jókòó yẹn, kì í ṣe àlejò."

Tẹ̀sùbáà yí lọ́wọ́ Síkírù, ó tún yí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti relẹ̀, ṣùgbọ́n pèrègún ló ń sọ. Mùíbátù tẹrí ba sórí bàsíà. Abọ́ ti tán. Ó mú èyí tó mọ́ jù nínú wọn, ó tún rì í bọ omi.