Kọ́ọ̀kì Tó Yọrí

"Ẹ tọ́ ọ wò fúnra yín, Madam. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni mo pa, ẹ má dá owó mi padà."

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń sọ̀rọ̀. Ó gbé ìgò wáìnì pupa ka orí káńtà, ó wá ń wo obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó jí ìdáhùn wò. Obìnrin náà bu díẹ̀ sínú ife, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó sì yára tu ú sínú ike.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní òmíràn."

"Òmíràn kẹ̀? Òmíràn nìyẹn! Lọ́sẹ̀ tó kọjá lẹ fún mi nígbà tí mo dá ti àkọ́kọ́ padà. Káàdì yín ni mo kà tí mo fi rà á o. Ẹ ní ó dára."

Ó mú owó rẹ̀, ó lọ. "Ẹ ní ó dára" tó sọ yẹn ló dun obìnrin náà jù.

Ahọ́n-Wúrà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Òun ló ń yan wáìnì fún súpámákẹ́ẹ̀tì náà. Lóṣooṣù, á tọ́ bí ọgọ́ta wò, látorí ti Ṣílè dórí ti Gúúsù Áfíríkà àti ti Húngárì, á wá mú mẹ́wàá tí adùn wọn ju owó wọn lọ. Á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ káàdì kékeré sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí pẹpẹ. Àwọn oníbàárà kì í wo ìgò mọ́, káàdì ni wọ́n ń wò. Bí Ahọ́n-Wúrà bá ti ní ó dára, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ahọ́n rẹ̀ ló fi ń jẹun, ahọ́n yẹn náà ló sì fi kọ́lé sínú ọkàn àwọn èèyàn fún ọdún mẹ́rìnlá.

Wáìnì tí tíṣà dá padà yìí, láti oko opó kan ní ilẹ̀ Pọtogí ló ti wá. Òun ló wà lókè pátápátá nínú mẹ́wàá oṣù náà. Kò wọ́n, ó dùn, ó sì ń tà bí ẹni gbá a lọ. Àfi bó ṣe di pé wọ́n ń dá a padà.

Ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀dọ́kùnrin ni Ọ̀gá, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àbúrò Ahọ́n-Wúrà lọ, ṣùgbọ́n ipò kì í mọ ẹ̀gbọ́n.

"Ìgò mẹ́tàdínlógún, Madam. Ṣé kì í ṣe pé opó yẹn fi èyí tó dáa tàn yín jẹ, tó wá kó jákujàku ránṣẹ́ sí wa?"

"Mi ò tíì mọ̀, Ọ̀gá."

"Ẹ wádìí ẹ̀ kó tó di Fúráìdè. Bó bá jẹ́ obìnrin yẹn, a ò ra nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Bó bá sì jẹ́ ẹnìkan nínú ilé yìí, onítọ̀hún á máa lọ sílé nìyẹn. Kò sí àgbà, kò sí ọmọdé."

Ahọ́n-Wúrà ní àṣà kan. Gbogbo wáìnì tó bá yàn ló máa ń fi ìgò kan pamọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wá bá a jiyàn lẹ́yìn ọ̀la. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, ó gbé ti Pọtogí jáde, ó gbé ìgò kan tó mú wá láti súpámákẹ́ẹ̀tì tì í, ó sì yọ kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé ẹnu àwọn méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ ló mọ iṣẹ́ tó kù. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ fún ìgò kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń múra fún ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, ó pààrọ̀ ipò wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ìyàwó rẹ̀ má baà mọ èyí tó jẹ́ èwo, ó wá bu wọ́n sínú ife méjì.

Ife àkọ́kọ́ dùn, gẹ́gẹ́ bó ṣe dùn lọ́jọ́ tó yàn án. Ìkejì ti kú fin-ín-fin-ín. Adùn rẹ̀ ti sá lọ, ìkan díẹ̀ ló ṣẹ́kù.

Ọkọ rẹ̀ náà mu díẹ̀ nínú ìkejì, ó sì fajú ro. "Mọ́mì, èyí ṣe mí bí èso tí wọ́n sè tí wọ́n gbàgbé sórí iná."

"Dádì, kí lẹ mọ̀ nípa wáìnì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣúgà sí i?"

"Mi ò mọ wáìnì o. Ṣùgbọ́n mo mọ nǹkan tí wọ́n bá ti sè jù."

Ahọ́n-Wúrà ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ lára ìgò, ó ti rí i pé ti súpámákẹ́ẹ̀tì ni ìkejì, ó sì ń fi ojú yẹ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò méjèèjì. Nọ́ńbà kan náà ni. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n rọ wáìnì sínú àwọn méjèèjì ní oko opó, nítorí náà opó kò mọwọ́-mẹsẹ̀. Ó wá rántí ohun tí kò kà sí nígbà tó ń ṣí ìgò ti súpámákẹ́ẹ̀tì: kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti yọrí díẹ̀ lẹ́nu ìgò, ọrùn ìgò náà sì ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ lábẹ́ bébà pupa tí wọ́n fi bò ó.

"Wọ́n ti ṣí i," ló wí. "Ẹnìkan ń ṣí wọn, ó ń mu ún, ó wá ń da ìdọ̀tí dí i."

"Ta ni?"

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀?"

Yàtọ̀ sí Ọ̀gá, ẹnìkan ṣoṣo ló ní in. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí, àgbàlagbà tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí súpámákẹ́ẹ̀tì náà. Ó ku ọdún kan péré kó fẹ̀yìn tì.

Láti ọjọ́ Ajé, ojú tí Ahọ́n-Wúrà fi ń wo Bàbá yí padà. Gbogbo ohun tí Bàbá ń ṣe láti ọdún yìí wá ló di ẹ̀rí. Kí ló dé tó jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa? Kí ló wà nínú àpò ọ̀rá tó ń gbé lọ sílé? Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ahọ́n-Wúrà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbóòórùn wáìnì lára rẹ̀. Ó yíjú padà, ó rí i tí Bàbá ń sáré ti àkísà tútù bọ àpò ṣòkòtò.

"Madam," ni Bàbá wí, "ó ní nǹkan kan tí mo fẹ́ bá yín sọ, nípa àwọn páálí wọ̀nyẹn."

"Ọ̀rọ̀ ń bọ̀, Bàbá. Ẹ má kánjú."

Ìfura loògùn àgbà, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ títí dé ilé. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí Ọ̀gá. Kò gùn. Ó ní òun ti rí ẹni tó ń ba wáìnì jẹ́, pé Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ni. Ó fọwọ́ sí i, ó fi í sínú báàgì. Ó kù kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ó gba kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ Ọ̀gá, ó wọ sítọ́ọ̀, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn páálí wáìnì Pọtogí tí wọ́n tò gọ̀gọ̀rọ̀ sí ìtòsí ilẹ̀kùn. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń retí.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òógùn bò ó. Ó rò pé àyà tó ń já òun ni. Ó bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ooru náà kò lọ. Ó gbọ́ tí àwo irin ń ró gbàgà-gbàgà ní òdì kejì ògiri, lẹ́yìn náà ni òórùn búrẹ́dì gbígbóná wá sí i nímú. Ó yíjú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó sì já ọwọ́ gbà kíá. Ó wá ki ọwọ́ bọ páálí, ó fa ìgò kan yọ. Ìgò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgò oúnjẹ ọmọ ọwọ́.

Ó jókòó sílẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ṣí ìgò kankan. Ooru ló ń ti kọ́ọ̀kì jáde. Lóṣù méjì sẹ́yìn, wọ́n mú ààrò búrẹ́dì súpámákẹ́ẹ̀tì náà gbòòrò títí dé ara ògiri yìí, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni òun tìkára rẹ̀ sì ní kí wọ́n kó wáìnì tó ń tà jù wá sí ìtòsí ilẹ̀kùn. Bàbá ti ní, "Madam, ibẹ̀ yẹn máa ń gbóná láàárọ̀ o." Kí lòun fi dá a lóhùn? Òun ní, "Bàbá, ẹ fi wáìnì sílẹ̀ fún èmi, kí ẹ̀yin mú kọ́kọ́rọ́ yín." Ọ̀sán ni òun máa ń wọ sítọ́ọ̀, nígbà tí iná ààrò ti kú, tí ògiri ti tutù. Ọkọ tó ń fi ṣúgà sí wáìnì mọ̀ pé wọ́n sè é. Ahọ́n tòun náà mọ̀, ṣùgbọ́n olè lòun ń wá. Ojú tì í débi pé ó fọwọ́ bo ojú nínú òkùnkùn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Kọ́kọ́rọ́ yí nínú ilẹ̀kùn. Bàbá wọlé, ó tan iná, ó gbé abọ́ omi sílẹ̀, ó wá fa ìgò kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọrùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀."

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ye! Madam! Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bí ẹ ṣe rò ó. Mi ò mu ún o. Ó ń jò ni. Mo ní bí wọ́n bá rí i báyìí, wọ́n á ní èmi ni mò ń ṣí i."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kó wọn kúrò lára ògiri?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n kó wọn síbẹ̀, Madam. Mo fẹ́ sọ fún yín lọ́jọ́ Túsìdè, ẹ ní kí n má kánjú."

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni Ọ̀gá wọlé. Ó wo àkísà nílẹ̀, ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ Bàbá. "Áà. Madam, òun náà nìyẹn, àbí?"

Lẹ́tà wà nínú báàgì Ahọ́n-Wúrà, ó ti fọwọ́ sí i. Bó bá yọ ọ́ báyìí, kò ní í sí ẹni tó máa bi í ní ìbéèrè kankan. Káàdì rẹ̀ á wà lórí pẹpẹ, orúkọ rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà.

"Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ wá fẹ̀yìn ti ògiri yìí."

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì í, ó sì fò kúrò. "Ó gbóná! Ta ló ní kí wọ́n kó wáìnì síbí?"

Ahọ́n-Wúrà yanu, ṣùgbọ́n Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. "Ó ti pẹ́, Ọ̀gá. Mi ò rántí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Omi bọ́ lójú obìnrin náà. Ẹni tó ti lé kúrò níbi iṣẹ́ lánàá nínú lẹ́tà ló ń bò ó láṣìírí yìí.

"Bàbá rántí dáadáa," ló wí. "Èmi ni, Ọ̀gá. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́."

Ọ̀gá wò ó títí. "Ẹ wá bá mi lọ́fíìsì ní aago mẹ́wàá," ló wí, ó sì jáde.

Ahọ́n-Wúrà mú lẹ́tà jáde, ó fà á ya sí wẹ́wẹ́, ó jù ú sínú páálí òfìfo. Bàbá kò béèrè ohun tó jẹ́. Obìnrin náà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó di etí páálí àkọ́kọ́ mú.

"Bàbá, níbo lẹ rò pé ká kó wọn sí?"

"Ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni, Madam. Ẹ̀yin lẹ mọ wáìnì."

"Rárá, Bàbá," ló wí. "Ẹ̀yin ni mò ń bi."