Ìbéèrè Tó Há Alàgbà Lọ́fun

Nígbà tí Adépéjú rí ẹni tó wọ ọ́fíìsì wọn ní Durumi, l'Ábújá, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, inú rẹ̀ dùn. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an ni. Alàgbà Nehemiah ni, ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì ní mínísírì, tó tún jẹ́ baba ìjọ wọn ní Karu. Baba ti ká fìlà mọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ tí Adépéjú wà ni láti dá àwọn tí ayé ti sú dúró, kí wọ́n má pa ara wọn. Ọ̀rọ̀ Bámiṣayọ̀, àbúrò rẹ̀, ló gbé e débẹ̀. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Bámiṣayọ̀ pa ara rẹ̀, Alàgbà yìí kan náà ló sì ní ìjọ kò gbọdọ̀ sin ín. Orí pẹpẹ ló dúró sí, tí ìyá wọn jókòó níwájú, tó là á mọ́lẹ̀ pé, "Ẹni tó pa ara rẹ̀, Ọlọ́run ò mọ̀ ọ́n." Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé o, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé.

"Adépéjú, ọmọ mi," ni baba wí, "Ọ̀rọ̀ Jọmílójú, ọmọ tí mo bí, ni. Ó ti ń pín ẹrù ẹ̀ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù, bàtà, gbogbo ẹ̀. Ó ní òun ò nílò wọn mọ́."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí?"

"Ìyá ẹ̀. Kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀."

Nínú ẹgbẹ́ wọn, òbí kì í padà sílé láìkọ́ bí wọ́n ṣe ń bi ọmọ bóyá ó fẹ́ pa ara ẹ̀. Wọn kì í pẹ́ ọ̀rọ̀ náà sọ. Bíbéèrè kì í fi ikú síni nínú, ẹnu ló ń ṣí. Òṣìṣẹ́ á ṣe bí ọmọ, òbí á bi í.

"Ẹ kà mí sí Jọmílójú, sà. Ẹ bi mí. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ ẹ̀."

"Jọmílójú, ṣé... ṣé kò sí nǹkan?"

"Rárá, sà."

"Ṣé o ò ní lọ ṣe ohun tí ò dáa?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn ò há yín lọ́fun lórí pẹpẹ."

Baba tẹrí ba. Ó dùn mọ́ Adépéjú dénú eegun. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀, àmọ́ kò dúró.

"Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Èmi kì í ṣe Jọmílójú mọ́. Bámiṣayọ̀ ni mí."

"Adépéjú, jọ̀ọ́."

"Ẹ bi mí."

Baba wá bi í. "Bámiṣayọ̀, ṣé ò ń rò ó láti pa ara ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo wá bá yín lẹ́yìn ìsìn, mo ní ayé ti sú mi. Ẹ ní kí n lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ọjọ́ kẹrin ni mo kú."

Inú fóònù àbúrò rẹ̀ ló ti rí i kà. Ọdún mẹ́ta ló ti ń pọ́n ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀bẹ.

Baba bú sẹ́kún. "Mi ò mọ̀ pé ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn."

"Ẹ ò béèrè ni. Ẹ lọ bi tiyín."

Kò tíì pé wákàtí kan tí fóònù Adépéjú fi dún. Alàgbà ni.

"Mo bi í. Mo pe ọ̀rọ̀ náà lórúkọ ẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń sunkún, ó di ọwọ́ mi mú. Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ má wàásù fún un. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Èmi àti dókítà ẹgbẹ́ wa ti dé Kugbo, a ò ní pẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ọlọ́run á san án fún ẹ. O ti dárí jì mí, ọmọ mi."

"Rárá, sà. Mi ò dárí jì yín. Jọmílójú ni mò ń bọ̀ wá bá. Ẹ ní kí wọ́n ṣí géètì."