Káàdì Ọrùn Akínlabí

Iye tí nǹkan jẹ́ lọ́jà! Èsì tí Akínlabí gbọ́ nìyẹn nígbà tó bi ọmọ rẹ̀ Olúwakáyọ̀dé léèrè irú iṣẹ́ tó rí. "Dádì, mò ń wádìí iye tí nǹkan jẹ́ lọ́jà fún ilé iṣẹ́ kan. Wọ́n ṣì ń dán mi wò. Bí mo bá ṣe é dáadáa, wọ́n á gbà mí pátápátá." Ó wí bẹ́ẹ̀ tán, ó bu òkèlè ẹ̀bà, ó ń jẹun lọ. Ọmọ tó kọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní yunifásítì, tó gbégbá orókè láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀! Bánkì ni bàbá rẹ̀ ti ń fọkàn rí i, nínú súùtù àti táì. Bí kò bá sì ṣe bánkì, kó ṣáà jẹ́ mínísírì ìjọba bíi ti bàbá rẹ̀. Irú iṣẹ́ wo ló wà nínú kéèyàn máa béèrè iye ohun tí kò ní rà?

Ara fu Akínlabí. Ní àdúgbò wọn ní Wuye, Àbújá, ọmọkùnrin kan wà tó máa ń sọ pé iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà lòun ń ṣe, títí ọlọ́pàá fi wá gbé e láàárọ̀ ọjọ́ Sunday tí àwọn òbí rẹ̀ ń múra ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ìtìjú yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i! Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọ rẹ̀. Fóònù méjì ló ní. Tí wọ́n bá pè é, á bọ́ síta kó tó gbé e. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, eruku á bo bàtà rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á máa rùn fún fáníṣì. Ọ́fíìsì wo ni wọ́n ti ń kun fáníṣì?

"Bàbá Káyọ̀dé, ẹ fi ọmọ yìí lọ́rùn sílẹ̀," ni Rosemary ìyàwó rẹ̀ wí. "Ọmọ Yahoo wo ló ń wọ bàtà tó ti jẹ nídìí?"

"Ọgbọ́n ni! Kí a má baà fura ni."

Obìnrin náà pòṣé, ó bọ́ sí kíṣìnì.

Nígbà tó di Thursday, Akínlabí sọ ní ọ́fíìsì pé òun fẹ́ lọ rí dókítà. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn takisí tí ọmọ rẹ̀ wọ̀ ló ń fi mọ́tò rẹ̀ tọ̀, títí wọ́n fi dé Kugbo, níbi tí àwọn oníṣẹ́ igi ń to àga àti bẹ́ẹ̀dì sí etí títì Nyanya. Ó páàkì sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan, ó ń yọjú bí olè. Káyọ̀dé lọ bá ìyá kan tó ń ta àga onítìmùtìmù. Ìyá náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá sọ̀rọ̀ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́. Káyọ̀dé tẹ nǹkan sínú fóònù, ó dúpẹ́, ó kọjá sí ìlà kejì.

Akínlabí káwọ́ lérí. Mo gbé! Ibí ni wọ́n ń bá a kó owó pamọ́ sí!

Bí ọmọ náà ṣe kúrò nítòsí ló já lu ìyá náà. Sàídátù lorúkọ rẹ̀, ará Kàbà ni. "Madam, ẹ káàárọ̀. Kí lẹ sọ sí ọmọkùnrin yẹn létí?"

Sàídátù ò wojú rẹ̀. Àyà rẹ̀ ló ń wò, níbi tí káàdì mínísírì ti ń fì dìrọ̀dìrọ̀ lórí okùn aláwọ̀ ewé. Akínlabí ò rántí bọ́ ọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Àbújá yìí, káàdì ni wọ́n fi ń lọ ra ṣúyà, ta ni yóò rántí bọ́ ọ?

"Èmi? Mi ò mọ ọmọkùnrin kankan, ọ̀gá."

"Ẹ má purọ́ fún mi! Ojú mi ló ṣe! Ọmọ mi ni, èmi ni mo bí i!"

Ariwo yẹn pe èèyàn jọ. "Kai!" ni káfíńtà kan wí. "Ọmọ ìjọba ni! Àṣé owó orí ló ń bá bàbá ẹ̀ ṣọ́ kiri!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ibẹ̀ ni Káyọ̀dé sáré dé. Ó rí bàbá rẹ̀, ó rí káàdì, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Dádì, kí lẹ wá ṣe níbí?" Ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹni tó bá mú fóònù dání béèrè iye ọjà lọ́dọ̀ wọn, agbowó orí ni wọ́n ń pè é. Iye tí kò tó nǹkan ni wọ́n á sọ fún un, kí ó lè rò pé wọn ò rí jẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bá màmá yẹn jókòó, tí mò ń bá a nu àga, kó tó sọ òótọ́ fún mi. Òótọ́ yẹn niṣẹ́ mi. Òun ni ilé iṣẹ́ wa fi ń ṣírò bí gbogbo nǹkan ṣe ń wọ́n sí i. Àwọn bánkì ń rà á. Mínísírì yín náà ń rà á."

Ojú ti Akínlabí gidi gan-an. Àìmọye ìwé ló ti kọ ní mínísírì pé ọjà wọ́n, pé ọjà rọlẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè rí ta ló lọ wò ó. Ó yára bọ́ káàdì, ó tì í bọ àpò. Bóyá òun ṣì lè tún un ṣe. Ó mú Káyọ̀dé padà tọ Sàídátù lọ, ó da ẹ̀rín sẹ́nu.

"Màmá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ ra àga ni. Èyí ńkọ́, eélòó ni?"

"Ogún táósáǹ, ọ̀gá."

Àga ńlá, tìmùtìmù tuntun, ogún táósáǹ! Akínlabí ki ọwọ́ bọ àpò. "Ó dáa, mo rà á."

"Ó ti tà, ọ̀gá."

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wá ńkọ́?"

"Ogún táósáǹ lòun náà. Òun náà ti tà." Sàídátù gbé tìmùtìmù kan, ó ń gbọn eruku rẹ̀. "Ọmọ mi" ló máa ń pe Káyọ̀dé láti ọjọ́ yìí wá. Lónìí, ó kọjú sí i, ó ní, "Ọ̀gá kékeré, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ogún táósáǹ ni gbogbo ẹ̀."

Káyọ̀dé yọ fóònù.

"Má kọ ọ́!" ni bàbá rẹ̀ wí. "Ìwọ náà mọ̀ pé irọ́ ni!"

"Ohun tí wọ́n bá sọ fún wa là ń kọ, Dádì." Ó tẹ̀ ẹ́, kò gbójú sókè. "Tó bá dé tábìlì yín lóṣù tó ń bọ̀, ẹ bá wọn kọ ọ́ pé ọjà ti rọlẹ̀ ní Kugbo."