Irin Tí Wọ́n Ní Kò Ṣe É Jogún

Tòkunbọ̀ ni jíìpù kékeré tí Adélàjà rà, ṣùgbọ́n irú tòkunbọ̀ tó ti jẹ ayé tán nílùú òyìnbó kó tó wọ ọkọ̀ òkun ni. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í sì í ṣí àfi téèyàn bá fi èjìká tì í. Adélàjà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ Waliyah ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wà á, torí pé Ẹ̀pẹ́ ni obìnrin náà ti ń ra ẹja wá tà ní Ìkòròdú, àwọn onímọ́tò èrò ò sì fẹ́ gbé agbọ̀n rẹ̀ mọ́ nítorí òórùn.

Ẹ̀pẹ́ náà ni wọ́n ti bí Waliyah. Létí ọ̀sà níbẹ̀, bí mọ́tò bá gbóná, awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á bu omi ọ̀sà sínú rédíétọ̀, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Omi náà ò níyọ̀. Ohun tí Waliyah rí láti kékeré nìyẹn, òun náà ló sì ń ṣe ní Èbúté Ìkòròdú nígbàkigbà tó bá gbé ẹja lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ tó ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi ọ̀sà ti Ìkòròdú máa ń níyọ̀. Iyọ̀ jẹ rédíétọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lu, omi jò tán lójú ọ̀nà Ìtòkín, ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì.

Wọ́n wọ́ ọ dé ọ̀dọ̀ Síkírù, mẹkáníìkì kan ní Agric ní Ìkòròdú. Síkírù fi ìka kan ohun funfun tó dì sínú rédíétọ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́ dànù, ó wá bi Waliyah bóyá ọbẹ̀ ló ń fi mọ́tò sè. Wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí àìsàn fi dá Adélàjà gúnlẹ̀, kò sì dìde níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí jókòó láti pín ohun tó fi sílẹ̀. Oyèdèjì, ẹ̀gbọ́n olóògbé, mú ilẹ̀. Àbúrò wọn mú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Benson, láàárín ìlú Ìkòròdú. Nígbà tó kan jíìpù, Oyèdèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní irin pàǹtí kò ṣe é jogún, kí ẹni tó fún mọ́tò ní omi iyọ̀ mu wá gbé òkú rẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Waliyah, inú sì bí i gan-an, inú bíbí yẹn ló sì fi tún mọ́tò náà ṣe.

Ẹni tó bá ti ní mọ́tò àgbà rí ò ní í bi mí léèrè ohun tójú rẹ̀ rí. Ó ra ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó, gíà ní òun ò bá àlejò gbé. Ó tún gíà ṣe, ṣọ́ọ̀kì iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bí iwájú bá dákẹ́, ẹ̀yìn á ní òun náà wà níbẹ̀. Ohun tí ẹja bá pa wọlé ní ọjà Ẹ̀pẹ́, jíìpù á gbé e mì kó tó dé Ìtòkín. Ọdún méjì ló fi ń wọ aṣọ kan náà lọ síbi ìnáwó, kò sì dá a dúró. Nígbà tó di ọdún 2008, mọ́tò náà ń lọ Ẹ̀pẹ́ ó ń bọ̀, kò rú èéfín, kò gbóná.

Bẹ́ẹ̀ ni Oyèdèjì ṣe rí i tó ń kọjá ní Benson lọ́jọ́ kan, agbọ̀n ẹja kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló bá Waliyah ní ọ̀dọ̀ Síkírù, níbi tí wọ́n ti ń yẹ bíréèkì wò. Ó mú awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Mọ́ṣúdù dání. Waliyah kúnlẹ̀ kí i. Oyèdèjì jẹ́ ẹ, ó wá sọ ọ́ láìfi bò pé orúkọ Adélàjà ló wà nínú ìwé mọ́tò, pé ogún ẹbí ni, Ọláṣẹ́gun ọmọ òun sì ń fẹ́ ohun tí yóò máa gbé lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kó fún Mọ́ṣúdù ní kọ́kọ́rọ́.

Waliyah dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

"Bọ̀dá mi, kí gan-an lẹbí fẹ́ gbà?"

"Ohun tí àbúrò mi fi sílẹ̀."

"Kò burú. Mo máa kó o fún yín." Ó yíjú sí mẹkáníìkì. "Síkírù, tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi ni mo rà wọ́n."

Síkírù wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe eré, ó sì lọ gbé jáàkì. Oyèdèjì rò pé obìnrin náà ń dẹ́rù ba òun lásán ni. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Wọ́n tú táyà, wọ́n gbé jíìpù lé búlọ́ọ̀kù. Wọ́n yọ bátìrì. Wọ́n tú rédíétọ̀, omi rẹ̀ sì ṣàn dé ibi bàtà Oyèdèjì. Wọ́n yọ ṣọ́ọ̀kì. Mọ́ṣúdù ti rọra lọ jókòó lábẹ́ igi.

Ẹ̀rù ń ba Waliyah. Bí ọkùnrin yìí bá ní ó dáa, kó máa kó irin rẹ̀ lọ, kí ni yóò fi ẹ́ńjìnnì tí kò ní mọ́tò ṣe? Inú mọ́tò yìí ni oúnjẹ òun àtàwọn ọmọ wà. Ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé òun á kúkú máa ru agbọ̀n lórí láti Ẹ̀pẹ́, ju kí ẹni tó fi òun rẹ́rìn-ín lọ jókòó sórí òógùn òun.

Síkírù so ṣéènì mọ́ ẹ́ńjìnnì.

"Waliyah," Oyèdèjì ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "kí ló máa wá kù níbẹ̀?"

"Èyí tí ẹ ní kò ṣe é jogún, sà. Ẹ máa gbé e lọ."

Oyèdèjì wo irin òfìfo tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó wo àwọn mẹkáníìkì tó wà yíká, tí wọ́n ń wolẹ̀ kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu wọn. Ó pe Mọ́ṣúdù, wọ́n sì jọ wá ọ̀kadà lọ. Waliyah tún kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, bó ṣe yẹ kí ìyàwó ilé kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

Síkírù nu ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ìtìjú sọ fún un pé iṣẹ́ ńlá ni àwọn ṣe láti tú gbogbo rẹ̀ o, iṣẹ́ ńlá náà ni àwọn sì máa ṣe láti dá a padà, owó méjèèjì ni yóò sì san.

"Gba owó rẹ," Waliyah ní. "Nínú gbogbo ohun tí mo ti ná lórí mọ́tò yìí, èyí nìkan ni kò dùn mí."